Àgádágodo Tó Dà Bí Ẹni Pé Ó Tì

Ungwan Shanu, Kàdúná

Àníkẹ́ mi, ọmọ ọmọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n láti oṣù mẹ́rin títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń kanlẹ̀,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó lọ́hùn-ún? Ṣé o ń jẹun? Àwa náà wà bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ká wà. Ẹsẹ̀ mi òsì ṣì ń dùn mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran dáadáa. Tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá yìí, èmi ni mo máa ń bá Àǹtí rẹ Bọ́lá rí i, òun tó wọ awò ojú.

O mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Bọ́lá ló ń bá mi kọ èyí. Ó wá láti Ungwan Romi lẹ́yìn tí wọ́n jáde iléèwé, ó jókòó sórí ẹní, ó gbé ìwé lé orí àpótí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi ẹnu tíṣà tún ẹnu mi ṣe. Ó ní, "Màmá, ẹ ò ṣe kúkú pè é lórí fóònù?" Mo ní rárá. Tí mo bá pe Àníkẹ́, n kò ní sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi máa sọ pé, "Kaka, ba komai." Ìyá àgbà, kò sí nǹkan, kò sí nǹkan! Láti kékeré lo ti ń fi Haúsá kan ṣoṣo yẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Àfi kó kà á dé òpin.

A gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí. A gbọ́ pé èèyàn mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ báyìí, àwọn ọkùnrin tó jù ọ́ lọ wà nínú wọn. Mo wólẹ̀ fún Ọlọ́run, mo sì sọ fún gbogbo àdúgbò. Ìyá ẹlẹ́kọ ní iye tí òun bá pè ni kí n san wàyí, ó ní ìyá olórí ò tún gbọdọ̀ máa ná ẹ̀kọ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, tí mo jókòó, ayọ̀ náà ò dé ikùn mi. Ọ̀rọ̀ tí o sọ nígbà Iléyá, nígbà tí à ń ṣa ẹ̀wà, ló dí i lọ́nà.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Haúsá díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, lo fi ṣàlàyé rẹ̀.

O ní ètò orí kọ̀ńpútà tí ẹ ń kọ yìí, àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ló ń lò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ àìsàn oníkálukú sí. O ní àgádágodo kan wà nínú rẹ̀ tó ń ti ọ̀rọ̀ náà pa, tó fi jẹ́ pé bí olè bá gbé kọ̀ńpútà náà sá lọ, kò ní rí nǹkan kà níbẹ̀.

Mo bi ọ́ pé, "Ṣé ìwọ lo rọ àgádágodo náà?"

O rẹ́rìn-ín. "Haba, Kaka! Ta ni mo jẹ́? Àwọn tó fi gbogbo ayé wọn kọ́ ọ ló rọ ọ́. Láíbìrárì là ń pè é. Àwa kàn ń dì í mọ́ ẹrù wa ni, a ó sì so ó mọ́ ètò wa, a ó fi ọ̀nà ibi tó wà han ètò náà."

O tún ní irú kọ̀ńpútà kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó bá a mu. Èyí tí wọ́n rọ fún ọ̀kan kò ní wọ ara èkejì.

Bó ṣe wá di wàhálà nìyí. Èyí tó bá kọ̀ńpútà tìrẹ mu nìkan lo dì sínú ẹrù. Lórí tábìlì rẹ, ó ṣiṣẹ́ bí omi. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn mẹ́rin wà tí kọ̀ńpútà wọn jẹ́ irú àtijọ́. Ètò náà débẹ̀, ó wá àgádágodo, kò rí i, ó káwọ́ gbera, ó ní òun ò ṣiṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín. Ọ̀gá rẹ ń pariwo. Ìwọ wá kọ ìlà kan ṣoṣo kún un, pé bí o ò bá rí àgádágodo, má ṣe wàhálà, máa bá iṣẹ́ lọ. Ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó tún pariwo. Ọ̀gá rẹ yìn ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ọjọ́ kan ṣoṣo lo fi tún un ṣe.

Bọ́lá ló béèrè pé, "Ó wá túmọ̀ sí pé ní ibi mẹ́rin yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn kàn wà ní gbangba bẹ́ẹ̀?"

O ní, "Àǹtí, ba komai. Ta ló máa wò ó? Màá tún un ṣe tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀."

Ẹ tún ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni mo ń wò, Àníkẹ́. Òkúta lò ń jù sínú igbá, tí ò ń da ẹ̀wà tó dára nù. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ọkàn rẹ mọ ohun tí ẹnu rẹ ò fẹ́ sọ.

Bọ́lá wá kà á fún mi nínú ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó ètò náà lọ sí ilé ìwòsàn púpọ̀ sí i, àti pé ìwọ lo máa darí rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kó mú bírò nìyẹn. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fi ojú kòtò náà hàn ọ́.

Èkínní. Ohun tó wà nílé rẹ, má rò pé ó wà nílé ẹni tó ò ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kàdúná, tí mo rí owó àkọ́kọ́ mi, stóòfù oníkẹrosíìnì ni mo rà fún ìyá mi ní Ogbómọ̀ṣọ́. Mo dì í, mo wé e ní pálí, mo gbé e lọ sí gáréèjì ní àdúgbò Television, mo fi lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́. Mo yọ òwú inú rẹ̀ kó má bàa já, mo ní òwú, ibo ni kì í sí? Kò sí lọ́dọ̀ wọn. Irú tó wà lọ́jà wọn tóbi ju ojú ihò rẹ̀ lọ. Ìyá mi ò sì fẹ́ dójú tì mí, kò ránṣẹ́ pé nǹkan kù. Ó gbé stóòfù náà sórí pẹpẹ, ó fi aṣọ funfun bò ó, tí àlejò bá dé, á ṣí aṣọ, á ní, "Ọmọ mi tó wà ní Kàdúná ló fi ránṣẹ́." Ọdún kejì ni mo délé tí mo bá a níbẹ̀, tí ìyá mi ṣì ń fẹ́ iná igi lẹ́yìnkùlé, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn àbúrò mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n wa fi òrìṣà ránṣẹ́, àwa ń bọ ọ́."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí o tó di ẹrù, mọ irú ilé tó ń lọ. Di òwú tó bá stóòfù mu mọ́ stóòfù. Má sì máa dán an wò nílé tìrẹ nìkan. Gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ nílé ẹni tó ṣe é. Wá kọ̀ńpútà tí kò jọ tìrẹ, àgbà kọ̀ńpútà, èyí tí eruku ti bò, kó o fi ojú ara rẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Èkejì. Inú mi dùn pé kì í ṣe ìwọ lo rọ àgádágodo náà fúnra rẹ. Bàbá àgbà rẹ, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, gbà pé kò sí ohun tí ọwọ́ òun ò lè ṣe. Ó fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ rọ àgádágodo sí ilẹ̀kùn ibi tí a ń kó àgbàdo sí. Ó ní kò sí ọmọ Ádámọ̀ tó lè ṣí i. Òótọ́ ni, ọmọ Ádámọ̀ ò ṣí i. Ewúrẹ́ ló ṣí i. Ó fi imú gbé e, ó wọlé, ó jẹun, ó jáde. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kí bàbá àgbà rẹ ní "Mai akuya", bàbá eléwúrẹ́.

Ṣùgbọ́n pé èèyàn ra àgádágodo lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà ní wàhálà tirẹ̀. Èmi ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, torí kò wọ́n. Ìyá tó wà ní yàrá kejì náà rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà. Lọ́jọ́ kan mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣílẹ̀kùn, mo wọlé, mo rí bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tèmi. Yàrá rẹ̀ ni mo ṣí! Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló wà lára gbogbo wọn. Nítorí náà, mọ ọwọ́ tí o ti gbà á. O ní àwọn tó rọ tiyín máa ń fi àmì gígùn kan sí i, tí ẹ lè fi wé èyí tó dé ọwọ́ yín, kí ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Máa wé e. Má sọ pé ojú ń kán ọ. Bí wọ́n bá sì kígbe lọ́jọ́ kan pé irú rẹ̀ ti bàjẹ́, má dúró kí àwọn ilé ìwòsàn wá pè ọ́. Ìwọ lo dì í fún wọn, ìwọ ni kó o lọ yí i padà níbi gbogbo tó bá wà.

Kí n má gbàgbé, kọ́kọ́rọ́ ò gbọdọ̀ bá àgádágodo rin ìrìn àjò nínú ẹrù kan náà. Èyí ò nílò ìtàn.

Èkejì... Bọ́lá ní mo ti sọ èkejì. Ó dáa. Pe eléyìí ní ẹ̀kẹta, tàbí kó o má pè é ní nǹkan kan. Ohun tó wà lọ́kàn mi ò ní nọ́ńbà. Ohun tí mo ti sọ látẹ̀yìnwá, mo fi ń wá ẹsẹ̀ dúró ni.

O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn rí, kí bàbá rẹ tó wọ iléèwé. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré ni. Kò sí níbẹ̀ mọ́, táyà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Mo máa ń gbálẹ̀, mo máa ń se omi gbígbóná, mo sì máa ń mú káàdì àwọn aláìsàn wá fún Dókítà. N kò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà ara káàdì bí mo ṣe mọ ojú èèyàn. Dókítà fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù káàdì lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni mo fún, torí ẹ ò lè kà á." Àwọn tó mọ̀wé wà níbẹ̀, èmi ló fún. Mo fi okùn so ó mọ́ ìdí ìró mi. Mo ń rìn bí ìyàwó ọba.

Eyín inú àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wá jẹ. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á dún "kà". Tí o bá wò ó, á dà bí ẹni pé ó tì. Ṣùgbọ́n tí o bá fà á díẹ̀, á ṣí. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ni. Mo rò ó pé tí mo bá sọ pé ó ti bàjẹ́, á ní ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, á gba kọ́kọ́rọ́. Mo ní màá sọ fún un tí inú rẹ̀ bá dùn. Kí ọjọ́ náà tó dé, ọgbọ́n tí mo dá ni pé tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, màá yí ẹnu rẹ̀ sí ògiri, kí ojú má bàa rí i.

Obìnrin kan wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ ìlú wa ni, ọ̀dọ́ ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Má béèrè orúkọ rẹ̀. Bọ́lá ti béèrè lẹ́ẹ̀kan báyìí, mo ní kó fi sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa bọ́. Ọkọ rẹ̀ wà ní ìrìn àjò òwò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló tẹ̀ka sí ìwé. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, tí wọ́n sọ fún un, kò sunkún. Ó di ọwọ́ Dókítà mú, èmi wà níbẹ̀ tí mo ń fi omi gbígbóná nù ún lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ fún ọkọ mi." Dókítà ní, "Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu wa."

O mọ bí a ṣe ń ṣe níbí. Tí ọmọ ìlú kan bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, gbogbo wa la dùbúlẹ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dé lọ́jọ́ kẹta, àwọn mẹ́fà, pẹ̀lú fíláàsì ògì. "Kí ni wọ́n ní ó ṣe é?" Nọ́ọ̀sì ní ó ń sùn. Àwọn márùn-ún padà. Ọ̀kan tó dàgbà jù nínú wọn, tó mọ̀wé dáadáa, ní òun á dúró kó jí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò sì sí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àga kan ṣoṣo tó wà, yàrá káàdì ló wà.

Ṣé kí n jẹ́ kí àgbà dúró sórí ẹsẹ̀ wíwú? Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo mú un wọlé, mo fún un lómi. Wọ́n wá pè mí pé kí n gbé omi gbígbóná wá. Àníkẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé, "Ẹ dìde, ẹ jáde"? Ẹnu mi ò lè gbé e. Mo wo kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wo àgádágodo. Ó dà bí ẹni pé ó tì. Mo lọ.

Nígbà tí mo padà, ó jókòó níbi tó wà. Ó ti mu omi tán. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun, ọ̀la ni màá tún wá." Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo padà wọ yàrá káàdì láti gbé ife. Ẹnu àgádágodo tí mo yí sí ògiri, ìta ló kọjú sí.

Mo rí i. Ojú mi yìí rí i. Mo sì na ọwọ́, mo dá ẹnu rẹ̀ padà sí ògiri.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ti wà nílé ìpàdé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí ọkọ obìnrin náà padà láti ìrìn àjò, ìyá ọkùnrin náà ò jẹ́ kó délé. Ó lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, ibẹ̀ ló ti sọ fún un. Ọkùnrin náà wọlé bá ìyàwó rẹ̀, kò béèrè ara rẹ̀. Ó ní, "O fẹ́ kí n jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gbọ́ pé n kò ní bí ọmọkùnrin." Kò pé oṣù kan tí obìnrin náà fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Dókítà kó gbogbo wa jọ. Ó bi mí pé, "Ìyá, ta ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù?"

Mo ní, "Dókítà, mo tì í."

Irọ́ kọ́. Mo tì í lóòótọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún "kà". Dókítà wo ojú mi, ó gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo fi owó ara mi ra àgádágodo tuntun tó jọ ti tẹ́lẹ̀, mo fi pààrọ̀ rẹ̀, mo kó àtijọ́ lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sí ẹni tó rí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ní ṣíṣí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi pa làpálàpá.

Ó kù. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo wà ní gáréèjì Television, mò ń wá ọkọ̀ tó ń lọ sílé. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kígbe pé, "Ìyá olómi gbígbóná!" Obìnrin náà ni. Irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Ó kúnlẹ̀ fún mi nínú eruku, níwájú àwọn ọlọ́kọ̀.

Mo ní, "Dìde, dìde, aṣọ rẹ."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Gbogbo ayé ló tú mi síta nígbà náà, Ìyá. Ẹ̀yin nìkan lẹ bò mí láṣìírí. Ọlọ́run ò ní tú yín láṣìírí láéláé."

Mo ní, "Àmín."

Ohun tí mo sọ nìyẹn, Àníkẹ́. Ó fi ọsàn méjì sí ọwọ́ mi. Ọlọ́kọ̀ ń pè é, ó wọlé, ó ń juwọ́ sí mi lójú wíńdò. N kò lè jẹ ọsàn náà. Orí fèrèsé ni mo gbé wọn sí títí wọ́n fi jẹrà.

Bọ́lá ti gbé bírò sílẹ̀. Òun náà ò gbọ́ ọ rí. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n kọ ìyẹn?" Mo ní kó kọ ọ́. Ó ń nu awò rẹ̀. Jẹ́ kó nù ún tán.

Ó dáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, olórí ire, ọmọ mi àtàtà. Kí ẹ tó gbé ètò yẹn lọ sí ibòmíràn, yọ ìlà tí o kọ kún un. Tí kò bá rí àgádágodo, jẹ́ kó kọ̀. Jẹ́ kó káwọ́ gbera, kó pariwo, kí ọ̀gá náà pariwo. Ilẹ̀kùn tó kọ̀ láti ṣí, èèyàn á bínú sí i, á lọ wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ilẹ̀kùn tó ń díbọ́n pé òun tì, ọkàn gbogbo èèyàn á balẹ̀ lórí rẹ̀ títí aráyé á fi wọlé. Lẹ́yìn náà, di gbogbo irú àgádágodo tó yẹ mọ́ ẹrù, èyí tó bá tuntun mu, èyí tó bá àtijọ́ mu. Kí o sì lọ sí ibi mẹ́rin yẹn. Ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní gbangba, tì í pa. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti wà ní gbangba, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, lọ bá ọ̀gá rẹ. Mo mọ̀ pé o lè tún un ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Èmi náà ra tuntun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Má sọ fún un pé, "Ọ̀gá, a rí ìṣòro kan." Ta ni "a"? Sọ pé, "Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ̀, mo sì dákẹ́." Bó bá gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kó gbà á. Ìyá ẹlẹ́kọ á tún máa bá mi ná ẹ̀kọ, n kò ní kú. Bó bá lé ọ, máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, ẹ̀wà ò sì tán ní Kàdúná. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ fún ọ nítorí ohun tí o ò ṣe. Ó wúwo, ọmọ mi. Mo ti ń gbé ọsàn méjì yẹn kiri láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ò tíì sọ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ogún. Lónìí ló bá a, lẹ́nu bírò Bọ́lá. N kò tún mọ ibi tí obìnrin yẹn wà kí n lọ kúnlẹ̀ fún un. Ìwọ mọ ibi tí ilé ìwòsàn mẹ́rin tìrẹ wà.

Mo fi ẹrù díẹ̀ lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ ní Television. Kúlíkúlí wà níbẹ̀, ẹ̀wà tí a ṣà wà níbẹ̀, yájì tí wọ́n fi ń jẹ súyà wà níbẹ̀ nínú ike aláwọ̀ pupa. Èmi ni mo dì í. Mo tú u, mo tún un dì, mo tún tú u wò, Bọ́lá ní mo ti ń ya wèrè. Nínú aṣọ àǹkárá tí mo ká ní ìsàlẹ̀, wàá rí nǹkan kan tó tutù tó wúwo. Àgádágodo yẹn ni. Mo ti fi epo nu ìpẹtà ara rẹ̀. Gbé e sórí tábìlì rẹ níbi iṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ kó o gbọ́ bó ṣe ń dún, kó o sì fà á díẹ̀.

Mo ti fi àtàǹpàkò mi tẹ ìsàlẹ̀ ìwé yìí, Bọ́lá fi tádáwà sí i. Èmi ni ìyá bàbá rẹ tó pọ̀n ọ́.

Lọ́jọ́ tí o bá ti bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ tán, pè mí. N kò ní bi ọ́ ohun tó ṣe fún ọ. Kàn má sọ fún mi pé ba komai. Sọ pé, "Kaka, mo fà á wò."